Dókítà Fíìmù àti Ọmọ Yàrá Ẹ́ńjìnnì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe, ẹ má bi òun fúnra rẹ̀, nítorí ilẹ̀ yóò ṣú kó tó ṣàlàyé tán. Ìyá rẹ̀ ni kí ẹ bi. Ìyá náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Fíìmù ló ń wò,” ni ìyá náà máa ń sọ. “Ó kàwé títí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́, wọ́n sọ ọ́ di dókítà, ó wá padà sílé wá jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Àbúrò rẹ̀ tí kò kàwé náà kúkú ń wo tẹlifíṣàn.”

Ibẹ̀ ni orúkọ Dókítà Fíìmù ti jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbà á lẹ́nu ìyá wọn, ó gbé e dé àdúgbò, kò sì pẹ́ tí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì fi ń fi pè é. Kò bínú. Ó ti ṣàlàyé títí ó ti sú u, pé kì í ṣe fíìmù gan-an lòun ń kọ́ nípa rẹ̀ bí kò ṣe àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀: àwọn àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó lọ́mọ nílé, tí wọ́n sì tún ń pàdé lóṣooṣù láti jiyàn nípa ọkọ̀ kan tí kò sí, tó ń fò lọ sí ayé kan tí kò sí. Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. “Wọn ò ríṣẹ́ ṣe ni,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, ó sì yíjú padà sí bọ́ọ̀lù tó ń wò. Aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́fà ló wà nínú àpótí ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Eré tó gbé Dókítà Fíìmù lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Tí Kò Gúnlẹ̀. Ìgbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n ń ṣe é lórí tẹlifíṣàn. Ìtàn odidi ìlú kan ni, tí ayé wọn bàjẹ́ mọ́ wọn lórí, tí gbogbo wọn sì kó sínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀, wọ́n ń wá ibòmíràn tí wọn yóò máa gbé. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan, láìsọ tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń gbé e jáde pa á tì, eré mìíràn nípa àwọn agbẹjọ́rò sì bọ́ sí àyè rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò dé ibì kankan. Títí di òní olónìí, ojú sánmà ló wà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wò ó kùn díẹ̀, wọ́n sì gbájú mọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Àwọn kan ò gbà. Àwọn wọ̀nyí ló ń pe ara wọn ní Èrò Ọkọ̀. Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọ́n máa ń pàdé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn àga ti jẹ́ ti ọmọdé, tí orúnkún àgbàlagbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n. Ẹni tó bá ti wọlé, orúkọ ilé rẹ̀ kù sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Iṣẹ́ tí kálukú yàn fún ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Alága wọn ń tún fíríìjì ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀, Awakọ̀ ni. Ó ní aṣọ awakọ̀ kan tó rán nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì wà níwọ̀n, bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ kò sì fojú kan ihò wọn mọ́ láti bí ọdún mẹ́jọ. Wọn kì í bi ara wọn léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yóò tó di ọdún tó ń bọ̀, wọn a sì fi wákàtí méjì jiyàn lé e lórí, wọn a gbé ohùn sókè bí ẹni tó fẹ́ jà, wọn a jẹ bísíkíìtì, wọn a túká.

Wọ́n tún ń kọ ìtàn. Ojú ìwé kan wà tí wọ́n ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ìrìn àjò ọkọ̀ náà lọ fúnra wọn, orí kan lẹ́yìn òmíràn. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó kọ tó Ìyá Ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún ni Ìyá Ẹ́ńjìnnì. Òun ni ọ̀gá yàrá ìfọṣọ ní ilé ìwòsàn kan, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ó ti kọ orí ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ sì dá lé. Nínú eré orí tẹlifíṣàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ yìí jáde. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fún mẹkáníìkì kan tó ń ṣiṣẹ́, kò sọ ohunkóhun, wọn ò tiẹ̀ fún un lórúkọ. Ìyá Ẹ́ńjìnnì mú un wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, ó sọ ọ́ di èèyàn. Ọmọ náà ń parọ́, ó ń jí sípánà, ó ń bá àgbà fa ọ̀rọ̀, ó ń tún ohun tí apá àwọn ọ̀gá kò ká ṣe. Èrò Ọkọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Láìpẹ́ yìí, Awakọ̀ ti ń dọ́gbọ́n sọ ọ́ pé ọmọ náà ti tó ẹni tí awakọ̀ kékeré kan nínú ìtàn tirẹ̀ lè máa bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi parí iṣẹ́ tó ń kọ́ ná,” ni Ìyá Ẹ́ńjìnnì dá a lóhùn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta ni Dókítà Fíìmù fi ń jókòó tì wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ka orí ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá yẹn tán. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bírò mẹ́rin ló mú dání: pupa fún ìbànújẹ́, àwọ̀ ewé fún ìtọ́jú, àwọ̀ aró fún ìdàgbàsókè, dúdú fún ìrìn àjò. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn: kí ó pín nǹkan sí ìsọ̀rí, kí ó kà á, kí ó tò ó sínú àtẹ. Inú àtẹ yẹn ló ti rí i pé lọ́dọọdún, nínú oṣù kan náà, ọmọ yàrá ẹ́ńjìnnì máa ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí rẹ̀. Kì í yẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Ó mú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Àárín aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ, tó ṣì gbóná, ni wọ́n jókòó sí. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ń ká aṣọ, Dókítà Fíìmù ń bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ọwọ́ ìyá náà dúró.

“Ojú ẹ mú o, Dókítà,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó rí ìyẹn rí.” Ó ká aṣọ kan tán, ó mú òmíràn. “Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó lọ. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó wá di ọjọ́ tí ì bá pé ọdún mẹ́jọ, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ara mi sí. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo sọ ọ́ di ọmọ ọdún mẹ́jọ níbẹ̀.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ṣé àwọn ará ọkọ̀ mọ̀?”

“Wọn ò mọ̀. Bóyá torí pé wọn ò mọ̀ ni mo ṣe ń lọ.”

Dókítà Fíìmù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun kọ ọ́ sínú iṣẹ́ òun. Ó mú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda jáde, ó ka gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá náà bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, “Orúkọ mi ò ní jáde?” Lẹ́ẹ̀mejèèjì ló sì dáhùn pé, “Kò ní jáde, mà.” Ìyá náà fọwọ́ sí i.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ o. Ẹ má ṣe rò pé ó dalẹ̀. Ó fi orúkọ tí bàbá àti ìyá obìnrin náà sọ ọ́ pamọ́ débi pé ọlọ́pàá kò lè wá a rí. Ó sọ ilé ìwòsàn di ilé ìtajà, ó sọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì di páálí. Ìyá Ẹ́ńjìnnì nìkan ló fi sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí lójú tirẹ̀, ìbòjú ni orúkọ yẹn fúnra rẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi aṣọ bo ìbòjú sí? Irú àṣìṣe tó jẹ́ pé ẹni tó kàwé jù nìkan ló lè ṣe é nìyẹn. Láàárín Èrò Ọkọ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tó fi pamọ́ yẹn rí. Orúkọ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀, òun ló gbé síta. Ọdún mẹ́ta gbáko ló sì fi ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ní ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn yìí, orúkọ inú ọkọ̀ ni orúkọ gidi!

Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹ̀dà méjìlá, tó gbé e lọ sí ìpàdé. Inú rẹ̀ dùn. Inú tiwọn náà dùn, pé ẹnìkan ní yunifásítì ka àwọn kún. Awakọ̀ tún aṣọ rẹ̀ ṣe dáadáa, ó wọ awò ojú, ó ní òun yóò kà á sókè kí gbogbo èrò lè gbọ́. Ìyá Ẹ́ńjìnnì wà ní ìlà kejì, agolo bísíkíìtì wà lórí itan rẹ̀.

Ìgbà tí Awakọ̀ ṣí ojú ìwé kẹsàn-án ni Dókítà Fíìmù tó mọ ohun tó ṣe. Ó dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀,” ló wí.

“Kò tíì rẹ̀ wá,” ni Awakọ̀ wí. Ó juwọ́ sí i kó jókòó, ó sì ń kà á lọ. Ó ka orúkọ Ìyá Ẹ́ńjìnnì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá náà. Ó ka ti oṣù tí kì í yẹ̀. Ó ka ti ọmọ ọdún méje. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ tán kí ọ̀rọ̀ náà tó yé òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, obìnrin kan dìde lọ dì mọ́ ìyá náà. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Háà, ẹ kú àmúmọ́ra.” Ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e. “Ọlọ́run á tù yín nínú, mà.” “A ò mọ̀ o, ẹ má bínú.” Awakọ̀ bọ́ awò ojú, ó ń sunkún gbangba. Èèyàn rere ni wọ́n, kò sí ìkà kan nínú wọn, ohun tó sì burú jù níbẹ̀ nìyẹn. Dókítà Fíìmù dúró síbi tó wà, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì dé agolo bísíkíìtì, ó gbé e lé tábìlì, ó mú báàgì rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Dókítà Fíìmù ló kọjá. Kò pariwo.

“Níbi iṣẹ́, ní àdúgbò, lọ́dọ̀ ẹbí, ìyá ọmọ tó kú ni mí,” ló wí. “Ibí yìí nìkan ló kù tí ọmọ mi ti wà láàyè. Ó pé ọdún méjìdínlógún lóṣù tó kọjá, gbogbo wọn ló kí mi kú oríire. O wá pa á síbí náà.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, abala Ìyá Ẹ́ńjìnnì lórí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì wọn ti funfun báláú. Gbogbo orí ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, ó ti pa wọ́n rẹ́. Àwọn Èrò Ọkọ̀ wá a títí, wọ́n bẹ àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, wọn ò rí nǹkan kan. Awakọ̀ rí orí méjì tó ti tẹ̀ sórí ìwé tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n ti yin awakọ̀, tí ọmọ náà kò sì ti lanu sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí méjì yẹn, kò sí ibòmíràn tí ìtàn náà kù sí láyé ju inú kọ̀ǹpútà Dókítà Fíìmù lọ.

Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní yunifásítì. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ti gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ padà. Kí wọ́n mú iṣẹ́ náà kúrò níta, kí wọ́n sì pa gbogbo ohun tí wọ́n kó lọ́wọ́ òun rẹ́. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, pe Dókítà Fíìmù, ó fi ibi tí ìlànà wà hàn án: wọ́n gbọ́dọ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kò pọn dandan kó fi hàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà yìí lọ́dọọdún.

Awakọ̀ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ tòun ti irinṣẹ́ fíríìjì lápò. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í pamọ́ síbì kan. Inú ló ń bí wọn. Inú tó ń bí èèyàn máa ń rọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ ń sọ pé kí n tún ṣe ohun tí wọn ò fẹ́, sà?”

Ọkùnrin náà gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Òun náà ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe.

Dókítà Fíìmù lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Ìyá Ẹ́ńjìnnì kò dáwọ́ aṣọ kíká dúró.

“Mà, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú rẹ̀.”

“Ta ló ni ín, èmi àbí ìwọ?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín, mà.”

“Pa á rẹ́.”

Ó dé ilé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe lọ́jọ́ náà. “Ṣebí o ní ọmọ yẹn ti kú tipẹ́?” ló bi í.

“Ó ti pé ọdún mọ́kànlá, màámi.”

“Kí ni wọ́n wá ní kó o pa?”

Dókítà Fíìmù dúró di ọjọ́ kẹrìnlá gan-an, bóyá fóònù yóò dún. Fóònù ò dún. Ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yunifásítì wá, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, akọ̀wé ìgbìmọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìtàn, ohùn inú ẹ̀rọ, àtẹ, gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. “Ó ti parí,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì bèèrè bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ṣì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ẹ́ńjìnnì ni. Ó ti rù díẹ̀. Ó jókòó kí wọ́n tó ní kó jókòó.

“Mi ò wá jà,” ló wí. “Inú ń bí mi nígbà yẹn. Ó ti rọ̀. Mo ti ń gbìyànjú láti tún un kọ, Dókítà, ọmọ náà ò dá mi lóhùn mọ́. Mo mọ ohun tó ṣe, mi ò rántí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tó sọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnnì ṣe fúnra rẹ̀. Mo ti wá ọ̀rọ̀ yẹn nínú orí mi títí.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo wá sọ fún ara mi pé, àwọn oníwèé yìí kì í da nǹkan nù. Jọ̀ọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Dókítà Fíìmù fẹ́ parọ́, kò rí irọ́ kan tó lè gbé e lọ síbì kankan.

“Mo ti pa á rẹ́, mà.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kí n pa á rẹ́.”

Ìyá náà mi orí díẹ̀díẹ̀. “Mo sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Lóòótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Ó gbé ojú sókè, ìrètí tuntun sì ti wà níbẹ̀, èyí tó ba Dókítà Fíìmù lẹ́rù ju ìbínú lọ. “Ṣùgbọ́n o kà á. Ẹ̀ẹ̀mélòó lo kà á?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta! Èmi tí mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni mo kà á.” Ó ṣí báàgì, ó mú ìwé tuntun kan àti bírò jáde, ó ṣí ìwé náà sórí itan. “Ó dáa. Sọ èyí tó o bá rántí fún mi. Ohunkóhun.”

Dókítà Fíìmù pa ojú dé. Ó rántí pé orí mọ́kànlélógójì ló ní àwọ̀ pupa. Ó rántí pé ìtọ́jú ń pọ̀ sí i láti ọdún kẹrin. Ó rántí ìsọ̀rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti oṣù tí kì í yẹ̀. Ó wá ohùn ọmọ náà láàárín gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan péré, kò rí i. Nínú iṣẹ́ olójú ìwé ọgbọ̀n tó kọ, kò fi gbólóhùn kan síbẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Àyè ò tó nígbà yẹn.

“Ó máa ń jí sípánà,” ló wí níkẹyìn.

“Mo mọ ìyẹn.”

“Ó máa ń kọrin nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́…”

“Rárá. Ọmọ tí Awakọ̀ kọ sínú ìtàn tirẹ̀ nìyẹn. Tèmi kì í kọrin.”

Dókítà Fíìmù tún pa ojú dé, ìtìjú bò ó. Ìyá náà rò pé ó ń ronú ni. Ó sún àga mọ́ tábìlì, ó gbé bírò lé ojú ìwé funfun náà.

“Má kánjú,” ló wí. “Mo ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ lónìí.”